Ekòló Orí Ẹní Ìkírun

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ní abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé, ohun kan wà tí mo máa ń bẹ Ọlọ́run fún: kó jẹ́ kí wọ́n kó erùpẹ̀ tó wà nínú ilé wa dànù. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Erùpẹ̀ ni mo wí, nínú ilé.

Ẹsẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Orúnkún Ìyá Àgbà kò gbé wọn dé oko mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Ewúrẹ́ àti adìẹ àdúgbò kì í jẹ́ kí ewé kankan yọjú níbẹ̀. Ni wọ́n bá gbé oko wọnú ilé. Wọ́n ní kí wọ́n yọ páànù díẹ̀ lórí yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n fi èyí tó mọ́ gaara bíi dígí rọ́pò rẹ̀, kí oòrùn lè máa wọlé. Wọ́n to dúróòmù tí wọ́n là sí méjì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n bu erùpẹ̀ dúdú láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún wọn, pẹ̀lú ekòló inú rẹ̀. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti ata la ń gbìn síbẹ̀.

Ìyá Àgbà kì í pààrọ̀ erùpẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ó láàyè, pé ó ń jẹun bíi tiwa. Oúnjẹ rẹ̀ ló wá di iṣẹ́ mi: èèpo iṣu tó ti jẹrà, ewé gbígbẹ, ìgbẹ́ adìẹ tí a ti rẹ sínú omi títí tó fi ń hó bí ọṣẹ. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń pò ó. Òórùn yẹn kì í kúrò lábẹ́ èékánná. Bí mo bá gbé òkèlè sẹ́nu, ìgbẹ́ adìẹ ni imú mi kọ́kọ́ ń gbọ́. Bí mo bá sì ti ki ọwọ́ bọ erùpẹ̀, ekòló á máa lọ́ mọ́ mi níka, tútù, ó ń yọ̀, kò lójú, kò nímú. Ara mi á bù máṣọ, màá ju ọwọ́ nù.

"Ṣé ó bù ọ́ jẹ ni?" Ìyá Àgbà á bi mí.

"Rárá, Ìyá."

"Ó dáa. Ìwọ náà má bù ú jẹ."

Kànga jìnnà sí wa, nítorí náà omi àlùwàlá la fi ń bomi rin ewébẹ̀. Orí dúróòmù la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, a ó fọ ọwọ́, a ó yọ ẹnu, a ó bọ́jú, a ó fọ ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì ṣàn sínú erùpẹ̀. Ìyá Àgbà ní omi tí èèyàn fi múra síwájú Ọlọ́run kò yẹ kó wọ gọ́tà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: omi ẹnu àti omi ẹsẹ̀, nínú ẹ̀fọ́ tí mo máa jẹ!

Nígbà tó jẹ́ èmi àti wọn nìkan, erùpẹ̀ ń mu ún tán. Àfi ìgbà tí ààwẹ̀ dé. Nítorí pé Ìyá Àgbà kò lè rìn dé mọ́sálásí, àwọn obìnrin àdúgbò ń wá bá wọn ṣínu nílé, kí wọ́n lè jọ kírun. Orí dúróòmù ni gbogbo wọn ti ń ṣe àlùwàlá. Inú Ìyá Àgbà ń dùn pé ilé kún, wọn ò lè ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Kò pẹ́ tí erùpẹ̀ fi di ẹrẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ṣọkọ pọ́n, ìdí rẹ̀ rọ̀, ó wó lulẹ̀. Kantíkantí bá ya bo ilé. Ìdin wọn ń rìn wúyẹ́wúyẹ́ lójú ẹrẹ̀. Àwọn tó ti níyẹ̀ẹ́ ń kó sí wa nímú, wọ́n ń kú sínú ògì ìṣínu.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ fi ẹran sí ògì yìí?" obìnrin kan bi wọ́n lọ́jọ́ kan. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti gbé tèmi mì.

Èyí tó burú jù ni ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kí wa láti ìgboro Ìbàdàn. Omi ti lé àwọn ekòló jáde nínú dúróòmù, wọn ò rí èémí mí nínú ẹrẹ̀ mọ́, wọ́n ń wọ́ kiri inú ilé. A wà lórí ìrun. Mo forí kanlẹ̀, nǹkan tútù kan sì nà gbalaja sábẹ́ iwájú orí mi. Mo pariwo, mo fò dìde, mo sì bì sórí ẹní. Ìrun gbogbo ilé dàrú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo ilẹ̀, wọ́n wo kantíkantí tó ń fò. "Ìyá mi, ó tó gẹ́ẹ́. Bí mo bá dé lọ́jọ́ ọdún tí mo bá kòkòrò kan nílé yìí, màá kó gbogbo rẹ̀ dà sígbó, ẹ ó sì bá mi lọ sígboro."

Ìyá Àgbà ò fẹ́ gbé ìgboro. Wọ́n ti gbé ibẹ̀ rí nígbà tí wọ́n lọ tọ́mọ. Wọ́n ní àtàárọ̀ dalẹ́ lórí àga, bí ẹni tó ń dúró de ikú. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì débi pé mi ò lè jẹ́ kí wọ́n rí i pé inú mi dùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó àlùwàlá jáde lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń tọ́ka, èmi ń ṣe é. Mo gbọ́n ojú ẹrẹ̀ tí ìdin wà dànù. Mo fi ọ̀pá gún erùpẹ̀ káàkiri kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, mo po ewé gbígbẹ àti èédú lílọ̀ mọ́ ọn. Mo fojú dídì ṣa ekòló ilẹ̀ padà sílé wọn. A wọ́n omi ewé dóńgóyárò sára ata, a ò sì bomi rin ín mọ́. Àràárọ̀ ni mò ń bu erùpẹ̀, tí mò ń fún un. Bí omi bá ti yọ láàárín ìka mi, Ìyá Àgbà á ní, "Fi sílẹ̀." Ó wá di ọjọ́ kan tó dúró lọ́wọ́ mi bí òkèlè, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó fọ́. Wọ́n gbé e sí imú. "Ó ti jí," ni wọ́n wí. Lóòótọ́, ó ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Kantíkantí sì ti lọ.

Lọ́jọ́ ọdún, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ìyàwó wọn dé ní kùtùkùtù, a sì gbé Ìyá Àgbà lọ sí Yídì lórí ọ̀kadà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kù sílé, tí wọ́n ń dín ẹran. Nígbà tí a padà dé, òórùn apakòkòrò pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti mú agolo tí wọ́n gbé wá láti ìgboro, wọ́n fín gbogbo yàrá ẹ̀yìn, wọ́n fín erùpẹ̀ pàápàá títí ó fi tutù rinrin.

"Ìyá, mo ti bá yín pa gbogbo wọn," ni wọ́n wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kòkòrò ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

Àwọn ekòló ti gòkè wá sójú erùpẹ̀, wọ́n lọ́ pọ̀ bí okùn, wọ́n ti funfun, omi ń yọ lára wọn. Mo ti kórìíra ekòló tó ń rìn. Mi ò mọ̀ pé èyí tí kò lè rìn mọ́ lè rí mi lára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ó ti ṣẹlẹ̀ náà, kò sóhun tó kù nínú erùpẹ̀ yẹn, kí Ìyá Àgbà kúkú múra kí àwọn jọ máa lọ. Ìyá Àgbà ò bínú. Wọ́n kàn bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé, "Ṣé oògùn yìí náà lẹ máa ń fín sílé yín?"

"Alaalẹ́ ni, Ìyá mi. Torí ẹ̀fọn."

"Ilé tí ekòló ò lè gbé, òun lẹ ní kí n wá gbé? Ẹ jẹ ẹran yín. Ẹ kú ọdún o."

Kò sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ ìgboro sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà ní kí n kó erùpẹ̀ náà dànù, kí n sin ín jìnnà kí adìẹ má baà ṣa ekòló inú rẹ̀ jẹ. Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn, kò sì dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n na abọ́ sí mi, wọ́n tọ́ka sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ ilẹ̀. Ekòló ibẹ̀ sanra bí ìka. Èébì ń gbé mi, mo sì ń kó wọn.

Ayé ti yí padà. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ti di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí. Bí ẹ bá dé ọjà Ṣáṣá báyìí, ẹ ó rí ẹ̀fọ́ tó ń dán, tí kò ní ihò kankan lára, tí àwọn èèyàn ń dù. Ìyá kan ń polówó tiwọn fún mi lọ́jọ́ kan: "Wò ó dáadáa, àǹtí, kòkòrò kankan ò fẹnu kàn án." Mo gbé e sí imú, òórùn ọjọ́ ọdún yẹn ni mo gbọ́. Mo rọra gbé e padà sílẹ̀.

Báfù erùpẹ̀ kan wà lábẹ́ fèrèsé mi. Ẹ̀yin àbúrò mi, ekòló ṣì ń rí mi lára títí dòní. Bó bá kàn mí lọ́wọ́, màá ju ọwọ́ nù. Ṣùgbọ́n ewé tó ní ihò lára ni mò ń já sínú ìṣasùn, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan ti tọ́ ọ wò ṣáájú mi, kò sì kú.