Fúláíwíìlì Tó Fúyẹ́

Ẹni tó bá ti jókòó rí nínú ọkọ̀ tí fúláíwíìlì rẹ̀ fúyẹ́, tó wá ní òun ò fẹ́ irú rẹ̀, irọ́ ló ń pa. Mẹkáníìkì mi n'Ígbókòdá ló fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé mi yí ìlú ká lọ́jọ́ náà. Ó kàn fẹsẹ̀ kan iná báyìí ni, ẹ́ńjìnnì ti ké, ọkọ̀ ti fò síwájú, ẹ̀yìn mi ti lẹ̀ mọ́ àga. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ọ̀gá, irú èyí gan-an ni kí ẹ bá mi fi sí tèmi."

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti lé lógójì ọdún, mo bí ọmọ mẹ́ta, ó sì yẹ kí n ti fi eré sílẹ̀ fáwọn ọmọdé. N ò fi í sílẹ̀. Ọkọ mi kì í wọ ọkọ̀ tí mo bá ń wà láì kọ́kọ́ gbàdúrà, àdúrà náà a sì máa gùn.

Kílọ́ọ̀ṣì ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ mi ti jẹ tán, mẹkáníìkì sì ti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kó lè pààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fi fúláíwíìlì hàn mí: irin rìbìtì kan báyìí, tó wúwo, tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti kílọ́ọ̀ṣì. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ni irin náà ń yí, ìwúwo rẹ̀ ni kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa sọ èèyàn síwá sẹ́yìn. Ó ní òun ní ọ̀kan nílẹ̀, tòkunbọ̀, tí kò wúwo tó ìdajì eléyìí.

"Ànǹtí Nọ́ọ̀sì, tí ẹ bá fi èyí tó fúyẹ́ sí i, ọkọ̀ yín á máa jẹ́ yín kí ẹ tó pè é tán," ló wí. "Àmọ́ tí ẹ bá ń rọra lọ, á máa gbọ̀n jìgìjìgì. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbéra, ó lè máa kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ rò ó wò di ọ̀la. Kò sẹ́ni tó ń sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Kí ni mo fẹ́ rò? Mo ní kó fi sí i.

Ohun tó yẹ kí n rò ni ìyá mi. Aráròmí ni wọ́n ń gbé, òkun sì ti jẹ ilé méjì tó wà níwájú tiwọn. Ó ku ilé ẹyọ kan láàárín àwọn àti omi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá máa bá wa gbé l'Ókìtìpupa, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn wa. Mọ́tò ni wọn ò lè wọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n wọ̀ ọ́, a ò tíì kúrò n'Ígbókòdá tí wọ́n ti bì sí dírẹ́bà lẹ́sẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n forí lé èbúté, wọ́n ní láéláé, àwọn ò tún jókòó sínú ohun tó ń gbọ̀n báyẹn mọ́. Obìnrin tó ti ń wa ọkọ̀ lójú omi láti kékeré, tí ìgbì kì í já láyà!

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé àwọn á wá wo ilé mi, kí àwọn sùn di ọjọ́ kejì, kí n dá àwọn padà. "Wíwò ni mo wí," ni wọ́n sọ, "n ò wí dídúró."

Ni mo bá pè wọ́n lórí fóònù nírọ̀lẹ́ láti fọ́nnu.

"Màmá, mo fẹ́ dín ìwúwo ọkọ̀ mi kù, kó lè máa sáré."

Wọ́n ní, "Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ mi náà."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Wọ́n ní ọkọ̀ tó bá fúyẹ́ kì í gbọ́ràn. Wọ́n ní kéèyàn ṣáà ti gbé àjẹ̀ sókè, ó ti dúró nìyẹn, atẹ́gùn ti gbà á lọ́wọ́ ẹni. "Èyí tó wúwo díẹ̀, o lè sinmi apá, o lè bu omi mu, á ṣì máa gbé ọ lọ jẹ́jẹ́. Ta ló máa ń fi ọkọ̀ fífúyẹ́ gbé àgbàlagbà?"

Inú bí mi. Èmi tí mo ń wa mọ́tò láti ọdún wo. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì?"

"Ẹ́ńjìnnì kẹ̀? Ìgbà wo lo so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ bàbá rẹ?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Bàbá mi fi ọkọ̀ ojú omi kan sílẹ̀ fún mi kó tó kú, ó wà létí omi lẹ́yìn ilé, ìyá mi ló ń lò ó. Òun ni wọ́n rò pé mo fẹ́ gbé fún gbẹ́nàgbẹ́nà kó gbẹ́ inú rẹ̀ dànù. A ti ń jà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, ọkọ̀ tèmi ń rìn lórí ilẹ̀, tiwọn ń léfòó. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ mi sáré wọlé wá wò mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Màmá, àwọn náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́, ṣùgbọ́n wọn ò kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. "Mọ́tò ni o, tomi ni o, ṣebí wíwà náà la ń wà á?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀, n ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun tí mẹkáníìkì sọ fún mi lójú mi kòrókòró ni wọ́n tún sọ, eré ló di mí létí. Bí ọkọ̀ bá gbọ̀n, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ n'Ígbókòdá, wọ́n á padà sọ́dọ̀ òkun, n ò sì ní rí wọn bẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Mo bá a tó ti ń de irin fífúyẹ́ náà ní nọ́ọ̀tì. Mo ní kó tú u.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n fi sí i, Ànǹtí."

"Ìyá mi ní kí ẹ tú u."

"Màmá mọ̀ nípa mọ́tò ni?"

"Wọn ò mọ nǹkan kan." Mo sọ ọ̀rọ̀ àjẹ̀ fún un. Ó fi sípánà sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àlàyé Màmá yé èèyàn ju tòun lọ. Ó gbé ti tẹ́lẹ̀ lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ ojú rẹ̀ kó dán, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀. N ò ní purọ́, mo wo tòkunbọ̀ yẹn lórí tábìlì, ó dùn mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo pàdé ìyá mi ní èbúté Ìgbókòdá. Aṣọ ẹyọ kan ló wà nínú báàgì wọn. Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n di ilẹ̀kùn mú gírí. Mo tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun lé ìyá rẹ̀ láyà. Ọkọ̀ gbéra, kò gbọ̀n. Gbogbo mọ́tò ló ń yà wá sílẹ̀, títí kan ọ̀kadà tó di adìyẹ sẹ́yìn.

"Ṣé eré tí ọkọ rẹ ń torí ẹ̀ gbàdúrà rèé?" ni wọ́n bi mí.

Nígbà tí a fi Ìgbókòdá sílẹ̀, wọ́n tú ọwọ́ lára ilẹ̀kùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ta ló ni oko tibí, ta ló ni ti ọ̀hún. Inú mi dùn débi pé orin bọ́ sí mi lẹ́nu. Wọ́n jẹ púpurú lálẹ́, wọ́n bu kún un, wọ́n sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn nínú ọkọ̀, wọ́n ti múra, wọ́n ti jókòó síwájú. Ọdún mẹ́ta ẹ̀bẹ̀, oorun ọjọ́ kan. Mo wọnú ọkọ̀, mo jókòó, n ò lè ṣíná.

"Màmá, ẹ ò kúkú jẹun kí ẹ tó lọ?"

"Tí a bá dé, màá jẹun. Ẹrù mi pọ̀, n ò fẹ́ kí òkun bá mi kó o."

"Kí ẹ kó o lọ síbo?"

Wọ́n yíjú sí mi. "Yàrá tí mo sùn sí lánàá, ẹ ti fún ẹlòmíì ni?"

Mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló bá mi dáhùn. Ó ní, "Tiyín ni, Màmá."