Owó Tó Ń Jáde Nínú Àkáǹtì Ẹ̀gbọ́n Mi

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ará báńkì ń sọ, débit ni mo kórìíra jù. Ọ̀rọ̀ tí kò le rárá ni: owó tó bá wọlé, crédit, owó tó bá jáde, débit. Èmi tí mò ń ta páàtì mótò ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní Gounghin, níhìn-ín ní Ouagadougou, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í sọ ẹni tó mú owó jáde, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó aṣọ lọ tà ní ọjà kan lápá àríwá, kò padà. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà yẹn ní àwọn kò rí i láàyè, àwọn kò sì rí òkú rẹ̀. Àwọn àgbà mọ́sálásí ní ká ṣe àdúà òkú fún un. Ìyá mi fárígá. "Òkú ta ni? Ẹ gbé e wá kí n rí i!"

Ní ọjọ́ kan ni Màmá rántí àkáǹtì ẹ̀gbọ́n mi. Owó díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyókù ló fi ra ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi ti fún mi ní procuration, ìwé àṣẹ tí mo fi lè béèrè nípa àkáǹtì náà, àmọ́ mi ò lè gba owó. Màmá ní ká jọ lọ: bí ó bá wà láàyè, á jẹun, bí ó bá ń jẹun, á gba owó. A jọ lọ sí báńkì.

Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wo ojú ẹ̀rọ, ó ní débit wà. Èmi aláìnírònú, mo yíjú sí ìyá mi, mo ní, "Owó ti jáde." Háà! Kí n tó pa ẹnu dé, Màmá ti forí kanlẹ̀ láàárín báńkì. "Alihamudulilahi! Ọmọ mi wà láàyè!" Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ń bá a yọ̀ pé "barka, barka", wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbà náà ni obìnrin yẹn wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Báńkì fúnra rẹ̀ ló yọ owó náà. Frais de tenue de compte ni wọ́n ń pè é: owó tí wọ́n ń bù lóṣooṣù nítorí pé wọ́n ń bá ọ tọ́jú àkáǹtì. Mo gbọ́ Faransé náà yékéyéké. Ìyá mi kò gbọ́ Faransé. Ó ń nu omijé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló tún wí?"

Mo ní, "Ó ní ká máa lọ."

Láti ìgbà náà, oṣooṣù la ń lọ. Ṣé ó jáde? Ó ti jáde, Màmá. "Ṣé o rí i bó ṣe ń ṣọ́ owó ná? Díẹ̀ díẹ̀ ló ń gbà. Kì í ṣe àpà bíi tìẹ." Á bú mi, inú rẹ̀ á máa dùn, á jẹun yó. Nígbà míì, mo máa ń fojú inú rí ẹ̀gbọ́n mi níwájú ẹ̀rọ tó ń pọ owó kan, ní ìlú tí n kò mọ̀, tó kẹ́yìn sí mi. Mo mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo ṣì ń wò ó.

Ní oṣù yìí, obìnrin náà ní kò sí nǹkan kan nínú àkáǹtì mọ́. Ó ní bí ẹni tó ni ín kò bá fọwọ́ kàn án, báńkì máa kà á sí compte dormant, àkáǹtì tó ń sùn. Mo rò ó pé ó tó gẹ́ẹ́, mo máa sọ òtítọ́. Bí a ṣe délé, mo bẹ̀rẹ̀. "Màmá, owó ti tán."

Ó pàtẹ́wọ́. "Owó tán? Ọpẹ́ o! Bí owó bá tán lọ́wọ́ ọkùnrin lájò, ibo ló ń lọ?"

"Ilé ni, Màmá."

"Ẹn-hẹn!"

Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́nu géètì, ó kọjú sí títì. Oòrùn wọ̀, ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó ti padà síbẹ̀. Kò jẹ, kò mu. Eruku mótò bo ìborùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú títì, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo sáré lọ sí báńkì, mo san owó sínú àkáǹtì náà kí wọ́n lè rí nǹkan bù, kí n lè tún sọ fún Màmá pé owó jáde. Obìnrin náà wò mí títí. Ó ní owó tèmi kò lè jí àkáǹtì yẹn o. Ẹni tó ni ín gan-an ló gbọ́dọ̀ wá.

Mo gbà fún un, mo ní, "D'accord. Ó ń bọ̀."

Ẹ̀rù ara mi bà mí, torí mo gba ohun tí mo sọ gbọ́.