Ọjọ́ tí Màmá Mi Kúnlẹ̀ Kí Mi

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ kò rọra rárá. Inú ààwẹ̀ la wà, oòrùn ti yẹ àtàrí díẹ̀. Mo ti Ọjà'ba bọ̀, mo wọ agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, mo bá màmá mi lórí ẹní níbi tó ti ń rán fìlà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣì. Ṣùgbọ́n ó ti rán ẹnu fìlà ọwọ́ rẹ̀ pa pátápátá, ó ṣì ń rán an lọ.

Mo ní, "Màmá, orí wo ni yóò wọ ìyẹn?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Mi ò tíì gbálẹ̀, ẹ má bínú."

Èmi ọmọ tó bí! Mo dì í mú. Òógùn ti mú aṣọ rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Àbúrò rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré jáde, ó káwọ́ lérí. "Mo sọ ọ́! Ṣúgà ti gun orí rẹ̀!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà ni ìbẹ̀rù ti di olóúnjẹ ilé wa. Èmi ni mo kó ṣúgà, oyin àti èso dàbínù kúrò nílé pátá. Ìyá Kékeré gba àmàlà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnìkan ní ọsàn dùn jù, òmíràn ní ẹran kò dáa. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀fọ́ tí kò níyọ̀ àti ẹ̀kọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló kù. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn kìlọ̀ pé kó má gbààwẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tún oògùn rẹ̀ tò. Màmá ní, "Ṣé nọ́ọ̀sì ni yóò bá mi jíhìn lọ́run?" Ní sààrì ọjọ́ náà, ó gbé oògùn mì, ó fomi lé e. Kò jẹ nǹkan kan, ẹ̀fọ́ aláìníyọ̀ náà ti sú u.

Bí mo ti dì í mú, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sọ sí mi lọ́kàn: bí oògùn bá lé ṣúgà tán nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò sóúnjẹ, ọpọlọ ni ebi kọ́kọ́ ń pa. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní nǹkan dídùn. Bí kò bá lè gbé e mì, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e wá.

"Ṣúgà dà?" mo kígbe.

Ìyá Kékeré ní, "Ṣúgà kẹ̀? Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, aáfà ilé wa, wọlé tòun ti tẹ̀sùbáà. "Ta ló fẹ́ ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́? Ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan sí i létí."

"Bọ̀dá mi, ẹ máa kà á. Ṣùgbọ́n ẹ di orí rẹ̀ mú fún mi."

Mo sáré lọ ilé kejì, níbi tí wọ́n ti ń po kunu ìṣínu. N kò kí wọn, mo gbá ike ṣúgà mú. Onílé ń pariwo lẹ́yìn mi pé, "Olè inú ààwẹ̀!"

Mo po ṣúgà mọ́ omi, mo fi díẹ̀ kan ètè rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ yọ, ó lá a. Mo bu ṣíbí kan. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mì. Ṣíbí kejì. Ìkẹta. Ìyá Kékeré ń wò mí bí ẹni ń wo apànìyàn, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé bí mo bá ṣì í, òótọ́ ló ń wò.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni Màmá fajú ro.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fi sí mi lẹ́nu? Oòrùn ti wọ̀ ni?"

"Kò tíì wọ̀, Màmá."

Ó gbá mi létí. Mo bú sẹ́kún, ayọ̀ ni.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ la gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n dín oògùn kù, wọ́n ní kó dáwọ́ ààwẹ̀ dúró, kó máa jẹun bí èèyàn: àmàlà níwọ̀nba, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tó dùn. Bí a ti ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé fún un pé arúgbó tí àìsàn kò jẹ́ kó gbààwẹ̀ lè máa bọ́ tálákà dípò rẹ̀. A dé abẹ́ òkè Mápó kí Màmá tó dá a lóhùn.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀fọ́ tí ẹ ń fún mi yẹn, ẹ má gbé e fún tálákà kankan. Ọlọ́run kò ní gbà á."