Alùpùpù Tún-un-ṣe àti Ẹsẹ̀ Ìyá Rẹ̀

Káfíńtà ni ọkùnrin yìí, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é ní káfíńtà ládùúgbò wa. Tún-un-ṣe là ń pè é, nítorí alùpùpù rẹ̀.

Pupa ni nígbà tó gbé e délé. Kí oṣù tó yí po, ó ti kùn ún ní dúdú. Dígí méjì di mẹ́rin, iná iwájú di mẹ́ta. Bó bá ti parí ọ̀kan, á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, á tẹjú mọ́ ọn, á ní ó ku nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ a máa bẹ Ọlọ́run pé kó fún òun náà ní táyà méjì, bóyá ọkọ òun á rójú wo òun.

Nígbà tó yá, ó kan páìpù èéfín. Ó tẹ̀ ẹ́ gòkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì yọ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bò ó kó má baà jó èèyàn. Mẹkáníìkì kìlọ̀ fún un pé irin yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe. Tún-un-ṣe ní kò jẹ́ kí páìpù òun dán. Ó yọ irin tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ń gbẹ́sẹ̀ lé náà kúrò.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wá kí wọn. Tún-un-ṣe fi alùpùpù lọ gbé e ní ibùdókọ̀. Ó kọ́kọ́ mú un yí alùpùpù náà ká, ó ń fi gbogbo rẹ̀ hàn án, ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàdúrà pé ọwọ́ ọmọ òun kò ní rọ. Lójú ọ̀nà, ó bi ìyá bóyá ara dẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Ìyá ní ó dẹ òun.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìyàwó rẹ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó. Ó ní òun gbọ́ òórùn kan ní yàrá ìyá, òun sì fi dandan lé e kó tó ká ìró sókè. Egbò iná tóóró kan wà ní ẹsẹ̀ ìyá, ó ti ń ṣọyún.

"Alùpùpù yẹn ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Màmá ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ."

Ó sáré relé, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ibùsùn, ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí kò pariwo.

"Inú ẹ ń dùn," ni ìyá wí. "Mo wá ibi tí mo máa gbẹ́sẹ̀ sí, mi ò rí i. Mo ní kí n mú un mọ́ra títí a ó fi délé."

Ó gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn.

Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó jó màmá. Kí Tún-un-ṣe tó lanu, ìyá rẹ̀ ti dáhùn pé omi gbígbóná ni. Ó yẹ kí Tún-un-ṣe sọ òótọ́. Kò sọ ọ́. Ó yíjú sójú fèrèsé, ó rí alùpùpù ẹnìkan tí wọ́n gbé síta, iná ẹ̀yìn rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka. Ó ti ń rò ó bí irú rẹ̀ ṣe máa rí lára tirẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, ó ní ìyẹn dun òun ju irọ́ náà lọ.

Nígbà tí wọ́n padà lọ fún ìtọ́jú egbò náà, ó jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní òun ti mọ̀, pé omi kì í jó èèyàn tóóró báyẹn.

Ojú egbò náà jinná lẹ́yìn oṣù méjì, àpá sì wà níbẹ̀. Tún-un-ṣe dá irin méjèèjì tó yọ padà sí àyè wọn.

Lóṣù tó kọjá, mo bá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń kun alùpùpù náà ní àwọ̀ ewé. Bó ṣe rí mi, ó fi búrọ́ọ̀ṣì pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, mo bá tèmi lọ.