Màmá Mi Kò Lè Pe Àgbà Lórúkọ

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni màmá mi ti ríṣẹ́ nílùú onílùú tí a ṣí wá. Orúkọ ni àwọn òṣìṣẹ́ yòókù fi ń pe àwọn arúgbó, ṣùgbọ́n ẹnu màmá mi kò gbà á. Ọ̀gá ní àfi kí wọ́n kọ́ ọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò gba ẹlòmíràn.

Nílé, màmá mi pe orúkọ ìyá àgbà kan níwájú dígí, wọ́n sì sáré fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín: "Ìyá ọmọ mi, dígí ò ní gbá ẹ létí o!"

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà, wọ́n rọra pe orúkọ náà, wọ́n sì fi "mà" kún un. Ìyá àgbà dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Ọ̀gá ní kí màmá mi máa báṣẹ́ lọ.