Ràṣídà Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Lu Olè Pa

Orí mi ṣì ń wú títí di báyìí.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Tudu, ní Gánà níbí, lónìí, wọ́n mú ọkùnrin kan tó jí fóònù obìnrin kan. Wọ́n ti ń lù ú, ẹnì kan tiẹ̀ ti gbé búlọ́ọ̀kù sókè.

Ràṣídà àbúrò mi, tó wá kí mi, bá já wọ àárín wọn.

"Ó jalè lóòótọ́! Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá wá mú un. Ẹni tó bá pa á, ẹjọ́ ìpànìyàn ló máa jẹ́!"

"Alata, kúrò níbẹ̀! Ṣé ọkọ rẹ ni?" Ọ̀kan nínú àwọn tó ń lù ú ló pariwo bẹ́ẹ̀; Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

"Kì í ṣe ọkọ mi, mi ò sì ní kúrò!"

Kò kúrò lóòótọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ó tún bá wọn lọ, kó lè rí i pé wọ́n di ojú ọgbẹ́ orí ọkùnrin náà.

Ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn àti ìdájọ́ ni Ràṣídà kà ní yunifásítì. Ọlọ́pàá àbí wọ́dà ni gbogbo wa rò pé ó máa ṣe. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n ló ń bá wá iṣẹ́ báyìí.

Nírọ̀lẹ́, obìnrin tó ni fóònù wọlé wá bá mi.

"Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò yín. Wọn ì bá ti pa ènìyàn nítorí fóònù mi."

Ẹ bá mi kí Ràṣídà o! Ẹ̀yin náà tí ẹ ka irú ìwé yìí, iṣẹ́ wo lẹ fi ń ṣe?