Ojúlówó Báttìrì Wa

Kí n tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: owú ló tì mí sínú ọ̀ràn náà. Ní ìparí ẹ̀wádún 1980, mo ń ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ń tẹ ìwé ìròyìn olójú-ewé mẹ́rin jáde lóṣooṣù lórí ẹ̀rọ alọ́wọ́yí kan tó máa ń ta tàdáwà sí mi láṣọ. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà nígbà èwe, ń tẹ tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Tirẹ̀ ni gbogbo ayé ń kà. Bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn díákónì tí mo fún ní tèmi lọ́fẹ̀ẹ́ á máa bi mí pé, “Tíṣà, ṣé ẹ ti rí ti Ọ̀yọ́ tuntun?” N ó rẹ́rìn-ín. Inú mi á máa ta mí bí egbò tí oje ọsàn wẹ́wẹ́ kán sí.

Ní ọjọ́ kan, oníṣòwò kan tó ń ta báttìrì rédíò gbé ìpolówó ọjà rẹ̀ wá bá mi. Ó ní òun ti kọ́kọ́ dé Ọ̀yọ́.

“Ọ̀rẹ́ yín ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ṣé èmi ni mo bí ilé iṣẹ́ ni?”

Etí ọlọ́gbọ́n ì bá gbọ́ ìkìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí tèmi gbọ́ ni pé nǹkan kan ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó sì já sí tèmi. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìpolówó náà: “Ẹ wá ra ojúlówó báttìrì wa.” Ta ni kì í sọ “wa” láàrin àwa Yorùbá? Ìyàwó aládùúgbò, ìyàwó wa ni. Ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ wa ni. Ọ̀yàyà lásán ni mo pè é.

Oṣù náà kò tíì parí tí àgbẹ̀ kan láti Ìrẹsà fi dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ṣí ẹ̀yìn rédíò rẹ̀ hàn mí. Omi dúdú ti jẹ gbogbo inú rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Báttìrì yín ló ṣe èyí.”

“Bàbá, kì í ṣe tèmi.”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Ọmọ mi ló ka ìwé yín sí mi létí. ‘Báttìrì wa’ lẹ kọ. Àbí ẹ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí ìyàwó?”

Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Oníṣòwò náà ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó ti sá lọ, nítorí náà èmi ni wọ́n wá mú, èmi àti ẹ̀rọ mi. Ọ̀gá ọlọ́pàá tẹ́ ìwé mi sórí tábìlì, ó sì fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

“Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi ní Yorùbá. Ta ni ‘wa’ yìí?”

“Ọ̀gá, ọ̀yàyà ni.”

“Ẹ lọ ṣàlàyé ọ̀yàyà fún adájọ́. Ẹni tó bá ní ‘ọjà wa’ ti di alájọtà. Kì í ṣe ẹni tó ṣe ayédèrú nìkan ni òfin ń wá. Ó ń wá ẹni tó bá a polówó rẹ̀ pẹ̀lú.”

Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé kóòtù, iṣẹ́ tíṣà mi ti lọ nìyẹn.

Ìyàwó mi ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́. Ẹni tí n kò fẹ́ kó bá mi níbẹ̀ rárá ló wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nínú agbádá funfun, tí àwọn ọlọ́pàá sì ń kí i bí ẹni tó ń kí ọba. Òun ló ṣe onídùúró mi. Ó ṣàpèjúwe oníṣòwò náà fún wọn, ó sì bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi gbà pé kí n tún rédíò bàbá ṣe, kí n sì kéde fún gbogbo ènìyàn pé ayédèrú ni báttìrì náà. Ẹ̀rọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Ìwé ìròyìn tirẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè fi kéde.

Mo jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, mo kọ gbogbo rẹ̀ láìfi ohunkóhun pa mọ́: bí ọkùnrin náà ṣe rí, irú báttìrì tó ń tà, àti àṣìṣe tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi kà á. “Kọ orúkọ rẹ sí i,” ló wí, “kí wọ́n má baà rò pé èmi ni.”

Ojú ewé àkọ́kọ́ ló gbé e sí. Wọn kò rí oníṣòwò náà mú títí di òní, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn náà tà tán ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn kà jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ láyé mi, inú ìwé ẹni tí mò ń jowú ló wà. Èmi fúnra mi kò rí ẹ̀dà kan rà. Díákónì kan ló yá mi ní tirẹ̀, ó ní kí n tètè dá a padà, nítorí àwọn ará ilé òun kò tíì kà á.